Òǹtẹ̀ inú àṣíborí irin Jámánì: ET, SE, Q, NS àti EF, èwo ni kí ẹ mú?

Ohun tí olùtà máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú nínú fọ́tò ni ẹyẹ idì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àṣíborí. Òun ló ń fa ojú mọ́ra, òun náà ló sì ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó wà lára àṣíborí ọmọ ogun Jámánì, òun ló rọrùn jù lọ láti ṣe ayédèrú rẹ̀, torí pé àwòrán tín-ín-rín lásán ni, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáa lè tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ ra, inú ni kó kọ́kọ́ wò. Kó gbé e kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú etí apá òsì, kó tún tàn án sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn níbi tó ti ń bo ọrùn. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti lu òǹtẹ̀ sínú irin: lẹ́tà kan, méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mìíràn tún wà ní ẹ̀yìn, tó ń tọ́ka sí ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí àṣíborí náà bá jáde.

Àwọn tí mo ń fi wéra níbí ni àṣíborí tí ọmọ ogun Jámánì dé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ márùn-ún. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ nìkan kò tó láti fi nawó. Òǹtẹ̀, etí irin, ihò atẹ́gùn àti awọ inú gbọ́dọ̀ máa sọ ìtàn kan náà. Bí ọ̀kan bá ń tako èkejì, ẹ jẹ́ kí owó yín wà nínú àpò títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn márùn-ún tó ṣe é

| Òǹtẹ̀ | Òǹtẹ̀ tó rọ́pò rẹ̀ | Ilé iṣẹ́ | Ìlú |
|---|---|---|---|
| ET | ckl | Eisenhüttenwerk Thale | Thale, ní agbègbè òkè Harz |
| SE | hkp | Sächsische Emaillier- und Stanzwerke | Lauter, ní Saxony |
| Q | kò yí padà | F. W. Quist | Esslingen, nítòsí Stuttgart |
| NS | kò yí padà | Vereinigte Deutsche Nickelwerke | Schwerte |
| EF | kò yí padà | Emaillierwerke Fulda | Fulda |

Àwọn tó ń ṣe abọ́ tánganran ni àwọn ará Lauter àti Fulda, irú abọ́ àti bàsíà funfun aletí-búlúù tí àwọn ìyá wa máa ń tò jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Thale náà ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè tẹ irin pẹlẹbẹ títí yóò fi jinlẹ̀ di ìkòkò láìya, òun ló lè tẹ̀ ẹ́ di àṣíborí. Nígbà tí Friedrich Schwerd, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Hannover, ń wá irin tí yóò gba orí ọmọ ogun lọ́wọ́ ẹ̀ta bọ́ǹbù nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, Thale ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, ó ti wà lórí àwọn tó ń jà ní Verdun.

Ìtàn yẹn wúlò fún olùrà. ET àti Q ti wà lára irin láti ìgbà ogun àkọ́kọ́. Nítorí náà, ET64 tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti 1917, ó sì lè jẹ́ ti 1937. Ara irin ni yóò sọ ìyàtọ̀ fún yín. Èyí tó jẹ́ ti ogun àkọ́kọ́ tóbi, etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gan-an, ó sì ní kókó irin kan tó yọ síta bí ìwo kékeré ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí ìwo yẹn lára èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1935. Wọ́n tún mú púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́, wọ́n fi awọ tuntun sínú wọn, wọ́n tún wọn kùn, wọ́n sì fi wọ́n lé ọmọ ogun lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ìwo lára irin tó ní awọ inú ti 1931 àti ẹyẹ idì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má tètè pè é ní ayédèrú. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Etí àti ihò atẹ́gùn: M35, M40, M42

M35, M40 àti M42 ni orúkọ irú àṣíborí mẹ́ta tó tẹ̀léra wọn, nọ́ńbà náà sì ń tọ́ka sí ọdún tí irú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀: 1935, 1940 àti 1942. Ẹ fi àtàǹpàkò rọra gba etí irin náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí etí náà bá ká wọ inú, tó sì dán lọ́wọ́, M35 tàbí M40 ni. Bí ẹ bá kan ojú ibi tí wọ́n ti gé irin gan-an, tí etí náà sì ṣí síta díẹ̀, M42 ni. Ní 1942 ni wọ́n dẹ́kun kíká etí, kí iṣẹ́ lè yá, kí owó tó ń lọ sí i sì dínkù.

Ìyàtọ̀ M35 sí M40 wà ní ihò atẹ́gùn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti M35, òrùka irin kékeré kan ni wọ́n ṣe lọ́tọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ bọ inú ihò náà. Ẹ ó rí ìlà níbi tí òrùka ti pàdé ara irin, ẹ sì lè fi èékánná mọ̀ ọ́n. Ti M40, ara irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ yọ síta yí ihò náà ká, kò sí òrùka kankan. M42 náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dà tún máa ń ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fọkàn tán an tó irin. Ọ̀dà M35 àkọ́kọ́ máa ń dán, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì máa ń tutù lójú. Láti 1940, wọ́n sọ ọ̀dà di elérùpẹ̀ díẹ̀ tí kì í tàn nínú oòrùn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ àti ọmọ ogun ti tún ọ̀pọ̀ M35 kùn nígbà ogun, torí náà M35 tó ní ọ̀dà elérùpẹ̀ kì í ṣe ohun ìfura. Ohun tó yẹ ká fura sí ni M42 tó ní ọ̀dà dídán bíi ti 1936.

Ọjọ́ méjì kan wà tí ó yẹ kí ẹ há sórí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1940, àṣẹ jáde pé kí ọmọ ogun orí ilẹ̀ yọ asà aláwọ̀ dúdú, funfun àti pupa tó wà ní apá ọ̀tún kúrò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1943, àṣẹ mìíràn jáde pé kí wọ́n yọ ẹyẹ idì náà kúrò. Bí olùtà bá wá gbé M42 ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó ní asà aláwọ̀ mẹ́ta wá, ara irin náà ti jẹ́rìí lòdì sí asà rẹ̀, torí pé nígbà tí wọ́n ń ṣe M42, ó ti lé ní ọdún méjì tí asà yẹn ti kúrò. Ti ọlọ́pàá yàtọ̀, torí pé wọ́n ṣì ń lo àmì méjì lẹ́yìn 1940. Ẹ má fi òfin ọmọ ogun dá wọn lẹ́jọ́.

ET àti SE: àwọn tó pa lẹ́tà dà

Ilé iṣẹ́ méjì yìí ló rọrùn jù láti fi mọ àkókò, torí pé òǹtẹ̀ wọn yí padà láàárín ogun. Ìjọba Jámánì fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ní lẹ́tà kéékèèké tí kò ní orúkọ nínú, kí ọ̀tá tó bá gba ohun ìjà náà má baà mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. ET wá di ckl, SE sì di hkp, lásìkò tí wọ́n ń ṣe M42.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún olùrà. Bí wọ́n bá fi M35 hàn yín, tí òrùka irin wà nínú ihò atẹ́gùn rẹ̀, tí òǹtẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ckl64, ẹ padà lẹ́yìn ọjà náà. Ẹnì kan ti lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́yìn ogun, tàbí kí ó jẹ́ pé ihò atẹ́gùn ni wọ́n dọ́gbọ́n sí láti sọ M42 di M35 olówó gọbọi. Lára M42 tó ní lẹ́tà kéékèèké yìí, ẹ̀yìn ọrùn ni ẹ ó ti sábà rí lẹ́tà àti ìwọ̀n, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀wọ́ nítòsí wọn. Lára M35 àti M40 ti ET àti SE, inú etí apá òsì ni lẹ́tà máa ń wà, nọ́ńbà ọ̀wọ́ a sì dá wà ní ẹ̀yìn.

Nínú àwọn méjèèjì, ET ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó mú. Iṣẹ́ Thale pọ̀ lọ́jà, àwòrán òǹtẹ̀ rẹ̀ tí kò ní àríyànjiyàn sì pọ̀ nínú àkójọ àwọn ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ti àwọn tó ti ń kó o jọ tipẹ́. Ẹ lè gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ mìíràn, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ E ṣe rí, bí T ṣe fẹ̀ tó, àti bí 4 ṣe ṣí tàbí pa lórí. Ti SE kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ M42 ni ẹ fẹ́, hkp náà dára púpọ̀, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi san ju owó ckl lọ fún un àyàfi tó bá mọ́ jù ú lọ.

Thale ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní. Òun ló ṣe àṣíborí àwọn ọmọ ogun tó ń fi agbòòrùn bàlúù fò sílẹ̀, M38, èyí tí etí rẹ̀ kúrú yíká kí atẹ́gùn má baà gbá a mú. ET tàbí ckl ni ẹ gbọ́dọ̀ rí nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 66, 68 tàbí 71. Bí wọ́n bá fi M38 tó ní Q64 hàn yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni wọ́n sì ń fi M35 tàbí M42 tí wọ́n gé etí rẹ̀ ṣe ayédèrú rẹ̀. N kò gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti sún mọ́ ọn.

Q àti NS: àwọn tí kò yí padà

Quist àti Schwerte di lẹ́tà wọn mú títí ogun fi parí. Nítorí náà, lẹ́tà wọn kò lè sọ ọdún fún yín. Etí àti ihò atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń ran olùrà lọ́wọ́ ni nọ́ńbà ọ̀wọ́. Quist sábà máa ń fi DN ṣáájú nọ́ńbà tirẹ̀, NS sì máa ń fi D nìkan. Bí ẹ bá rí Q66 lápá òsì, tí DN àti nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn, àwọn méjèèjì bára mu. Bí Q66 bá wà lápá òsì, tí D nìkan wà lẹ́yìn, ẹ tan iná sí i dáadáa kí ẹ wò bóyá N ni ìpẹtà jẹ. Bí kò bá sí àmì N rárá, ìbéèrè wà fún olùtà láti dáhùn.

NS máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Àwọn olùtà kan máa ń sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ni lẹ́tà méjì yìí ń tọ́ka sí, wọ́n a sì tìtorí rẹ̀ fowó lé ọjà. Nickelwerke tó wà ní Schwerte ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni ẹni tó ń sọ pé lẹ́tà ilé iṣẹ́ kan nìkan tó láti fi mọ̀ pé ọmọ ogun SS, ẹgbẹ́ ológun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ló dé e. Ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe fún ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú òfuurufú àti ti ojú omi. Àmì SS ni ohun tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù lọ nínú gbogbo òwò yìí. Bí ẹ kò bá tíì mọ òǹtẹ̀ irin dáadáa, ẹ má nawó sí i.

Bí mo bá fi Q àti NS sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Q ni mo fẹ́ràn jù lára M40. Òǹtẹ̀ rẹ̀ máa ń jinlẹ̀, DN tó wà lẹ́yìn sì fún yín ní ẹlẹ́rìí kejì. Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé bí ọ̀dà bá nípọn, ìrù Q lè pamọ́, ẹ ó sì rò pé O ni. Ẹ má fi nǹkan mímú họ ọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì wá sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè sùn lórí irin, òjìji yóò sì fi ìrù náà hàn.

EF

Fulda kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jà, ó ṣọ̀wọ́n ju ET àti Q lọ, pàápàá lára M35. Ẹni tó fẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ gbogbo márààrún yóò wá a tipẹ́ kó tó rí èyí tó mọ́. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan péré kò nílò kó máa lé e kiri. Nígbà tí òǹtẹ̀ kò bá jinlẹ̀, F rẹ̀ àti T ti Thale lè jọra, torí náà ẹ wo apá kejì lẹ́tà náà kí ẹ tó san owó ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Nọ́ńbà ìwọ̀n àti òrùka inú

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà, 60, 62, 64, 66 tàbí 68, ìwọ̀n inú irin yíká ni, ní sẹ̀ǹtímítà. Orí ọmọ ogun kò tó bẹ́ẹ̀, torí pé awọ inú gba àyè. Irin 60 wà fún orí 52 tàbí 53, irin 62 fún 54 tàbí 55, irin 64 fún 56 tàbí 57, irin 66 fún 58 tàbí 59, irin 68 sì wà fún 60 tàbí 61. Èyí tí ẹ ó rí jù ni 64. Àwọn tó tóbi, 66 àti 68, wọ́n lówó jù ú lọ.

Awọ inú náà ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, ibí yìí ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù lọ. Láti 1931 ni wọ́n ti ń lo irú rẹ̀: òrùka irin méjì tí wọ́n fi nǹkan bíi sípíríǹgì so pọ̀, pẹ̀lú awọ tí wọ́n gé sí ìka mẹ́jọ tí okùn fà jọ sókè. Ìṣó pẹlẹbẹ mẹ́ta ló dì í mú, méjì ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Lára òrùka yẹn, ẹ ó rí nǹkan bí «64 n.A. 57» (n.A. dúró fún «neuer Art», ìyẹn irú tuntun). Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ìwọ̀n irin tó yẹ kó wọ̀, ti ìkẹyìn jẹ́ ìwọ̀n orí. Nítorí náà, bí òǹtẹ̀ irin bá jẹ́ ET64, tí òrùka sì jẹ́ 66 n.A. 59, àwọn méjèèjì kò jáde pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan pa ọjà méjì pọ̀ di ọ̀kan. Owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe òrùka yàtọ̀ sí èyí tó tẹ irin. Ẹ ó máa rí Schuberth ti Braunschweig, B&C ti Berlin, tó jẹ́ Biedermann àti Czarnikow, Gustav Brehmer ti Markneukirchen, tàbí Karl Heisler ti Berlin. Ọdún náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọdún yẹn ni ẹ ó fi wé irin. Òrùka 1938 nínú M35 dára. Òrùka 1938 nínú M42 kò bójú mu. Òrùka 1943 nínú M35 lè jẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe nígbà ogun gan-an, nítorí pé awọ máa ń gbó kí irin tó gbó. Bí orí àwọn ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú irin, tí ẹsẹ̀ wọn nínú kò sì ní àpá pé ẹnì kan ti tẹ̀ wọ́n wá tẹ̀ wọ́n bọ̀, àtúnṣe ogun ni mo máa gbà pé ó jẹ́.

Bí a ṣe ń dá òǹtẹ̀ tuntun mọ̀

Wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n tó kun irin. Gbogbo ìdánwò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nínú ihò lẹ́tà tòótọ́, ẹ ó rí ọ̀dà kan náà tó wà ní àyíká rẹ̀, tó ti gbó bákan náà, tó ti fọ́ bákan náà. Bí irin bá ń dán nínú ihò lẹ́tà nígbà tí ọ̀dà àyíká rẹ̀ ti dúdú, òǹtẹ̀ náà kéré sí irin lọ́jọ́ orí. Bí ọ̀dà bá fọ́ yíká lẹ́tà bíi ojú dígí tí òkúta bà, lẹ́yìn kíkùn ni wọ́n lù ú. Bí wọ́n bá sì ti fọ gbogbo ọ̀dà inú kúrò, tí irin wà ní ìhòòhò, ẹ̀rí yẹn ti lọ. Iye tí ẹ ó san gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ti lọ.

Àwọn irin ilẹ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń kùn kí wọ́n lè jọ ti Jámánì. Ti Họ́ńgárì ní ìkọ́ irin kan lẹ́yìn, bí wọ́n bá sì gé e kúrò, ihò tàbí àpá yóò kù níbẹ̀. Ti Sípéènì ní ibi tí wọ́n ń fi báàjì sí níwájú. Àwọn M35 tó lọ sí Ṣáínà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ara wọn, torí pé Jámánì ló ṣe wọ́n. Òǹtẹ̀ wọn jẹ́ òótọ́, ìtàn wọn ló yàtọ̀. Nọ́wè pẹ̀lú lo ọ̀pọ̀ èyí tí Jámánì fi sílẹ̀, wọ́n sì tún wọn kùn. Irú èyí kò gbówó lórí, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ òǹtẹ̀ láìná púpọ̀. Lẹ́yìn ogun, Thale bọ́ sí Ìlà-Oòrùn Jámánì, ilé iṣẹ́ náà sì ṣe àṣíborí M56 fún àwọn ọmọ ogun ibẹ̀. M56 rí ṣóńṣó bí òrùlé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òun àti ti Wehrmacht, ìyẹn ọmọ ogun Jámánì ìgbà Hitler, pe ara wọn.

Ìtàn tí olùtà ń sọ

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester lè pàdé àṣíborí yìí lórí tábìlì ọjà òwúrọ̀ Sunday, olùtà a sì ní ọmọ ogun kan ló gbé e bọ̀ láti ojú ogun. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Bírítìkó àti Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ìtàn bá sọ pé bàbá àgbà kan láti Nàìjíríà gbà á ní Búmà, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wa tó lọ sí Búmà, nínú Division 81 àti 82, Japan ni wọ́n bá jà. Àwọn tó lọ sí Ethiopia ní 1941, Ítálì ni. Ìdílé tó lè ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ni ti Dahomey, tí Benin jẹ́ lónìí, torí pé Faransé kó àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ́ àwọn Tirailleurs Sénégalais, àwọn yẹn sì dojú kọ Jámánì ní ilẹ̀ Faransé.

Ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ ọmọ Áfíríkà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kí a tó gbé irin yìí sórí sẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù Kẹfà 1940, ní Chasselay nítòsí Lyon, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti kó lẹ́rú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ibojì wọn wà níbẹ̀, Tata Sénégalais ni orúkọ rẹ̀. Irú àṣíborí tí a ń sọ yìí ni àwọn apànìyàn náà dé. Mo ka àkójọpọ̀ yìí sí iṣẹ́ ìtàn, ìtàn yìí sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá rí àṣíborí náà nílé yín lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ní Jámánì, abala 86a nínú òfin ìwà ọ̀daràn kò fàyè gba fífi swastika, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, hàn ní gbangba, àfi fún ẹ̀kọ́, ìwádìí àti irú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùtà ibẹ̀ fi ń bo àmì náà nínú fọ́tò.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ fẹ́, tí owó kò pọ̀, M42 tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ckl tàbí hkp, tí kò ní àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn oṣù Kẹjọ 1943, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe rí láti ilé iṣẹ́ wá, kò sì sí ẹyẹ idì tí ẹnikẹ́ni lè fi tàn yín. Lẹ́tà kéékèèké yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ àkókò, etí tí kò ká sì ń jẹ́rìí sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára jù, M35 ti ET ni mo yàn, pẹ̀lú òrùka inú tó ní ọdún tó ṣáájú 1940. Ẹ má san owó àmì méjì fún un títí ẹ ó fi rí i lójúkojú. Ẹni tó bá fẹ́ wà láàárín méjèèjì, kó mú M40 ti Quist tó ní DN lẹ́yìn àti ẹyẹ idì kan. NS àti EF wà fún ẹni tó ti ní ọ̀kan, tó sì fẹ́ kún àkójọ rẹ̀. Mo gbà pé M40 ti Q tí ó ní ìpẹtà díẹ̀, àmọ́ tí gbogbo òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣeé kà, sàn ju M35 tó ń dán tí wọ́n ti fọ inú rẹ̀ lọ.

Bí ọjà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè fún fọ́tò tuntun wọ̀nyí kí ẹ tó dá iye owó: inú etí apá òsì, inú ẹ̀yìn ọrùn, ihò atẹ́gùn kan láti ìta àti láti inú, etí irin láti ẹ̀gbẹ́, orí àwọn ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ibi tí nọ́ńbà wà lára òrùka inú. Kí olùtà mú iná wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Kó má fọ ọ́, kó má fi epo pa á, kó má sì yọ awọ inú nítorí fọ́tò, torí pé ìṣó tí wọ́n bá ṣí kì í padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá kọ̀ láti ya inú etí apá òsì àti ẹ̀yìn ọrùn, ẹ lọ bá olùtà mìíràn.